Ìdí Tí Omi Kì í Fi Tọ́jú Àwòrán Ẹnikẹ́ni Mọ́

Nígbà láéláé, nígbà tí igbó ṣì ń wá títí dé ẹ̀yìnkùlé, omi kì í gbàgbé nǹkan. Ohun tí o bá ní kó bá ọ tọ́jú, á tọ́jú rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ya fọ́tò lójoojúmọ́ yìí, kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ láyé ìgbà náà. Omi ni fọ́tò wọn.

Adágún kan wà nínú igbó tí wọ́n ń pè ní Ìwòran. Àwọn ọdẹ ló bá omi ibẹ̀ ṣe àdéhùn. Wọ́n ní, "Omi, ẹni tó bá dúró lórí ẹran ńlá tó ti kú, tó sì wò ọ́ lójú, òun àti ẹran rẹ̀ ni kí o máa bá wa tọ́jú."

Omi ní, "Mo gbọ́." Omi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Ọdẹ tó bá pa etu tàbí ọ̀yà, ilé ló ń gbé e lọ, kí ìyàwó rẹ̀ gbé ọbẹ̀ kaná. Ta ló fẹ́ fi etu yangàn? Ṣùgbọ́n ẹni tó bá pa ẹfọ̀n, tàbí ẹkùn, tàbí erin, gbogbo agbo ilé á fi okùn wọ́ ẹran náà dé etí adágún. Ọdẹ á gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé e, á na ọrùn, á wo omi. Ó parí. Ó di ará inú omi nìyẹn.

Bí ọdún ọdẹ bá dé, wọ́n á gbé ẹmu lọ síbẹ̀, wọ́n á jókòó yí adágún ká, wọ́n á máa nawọ́ sí àwòrán, kálukú á máa ròyìn tirẹ̀.

"Ẹ wò mí, ẹ wò mí! Ẹkùn tí mo pa lọ́dún tí ìjì ṣí òrùlé ọjà nìyẹn!" Olúọdẹ á ní. Òun ni olórí gbogbo ọdẹ ìlú náà, ohùn rẹ̀ sì máa ń dé ibi tí òun fúnra rẹ̀ kò tíì dé.

Ògúngbèmí, ọdẹ kan tí kò lè ṣe kó má ṣẹ̀fẹ̀, á ní, "Bàbá, ẹsẹ̀ yín ń gbọ̀n nínú àwòrán yìí o."

"Omi ló ń gbọ̀n!"

"Omi dúró jẹ́ẹ́ lábẹ́ ẹkùn, abẹ́ ẹsẹ̀ yín nìkan ló ti wá ń gbọ̀n?"

Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí ẹmu á fi dà sí wọn láyà.

Ẹnì kan wà tí kì í bá wọn rẹ́rìn-ín. Àwẹ̀ró ni. Ọdẹ́níran ni ọkọ rẹ̀. Ọdẹ́níran yìí pa abo erin kan, abàmì erin, ó dúró lórí rẹ̀, omi sì tọ́jú wọn. Kò pẹ́ sígbà náà tó tún wọ igbó lọ, kò sì padà wálé mọ́. Wọ́n wá a, wọ́n wá a. Wọn ò rí ọrun rẹ̀, wọn ò rí apó rẹ̀, wọn ò rí eegun kan tí wọ́n á sin.

Àwòrán inú omi yẹn nìkan ló kù fún Àwẹ̀ró láyé. Láràárọ̀ ló ń lọ síbẹ̀. Á jókòó sórí òkúta, á ní, "Ọkọ mi, ẹ kú àárọ̀ o. Ewúrẹ́ dúdú ti bímọ. Òrùlé ń jò, ẹ ò sì sí nílé."

Ọdẹ́níran á máa wò ó láti inú omi. Ó tẹ́ Àwẹ̀ró lọ́rùn bẹ́ẹ̀ náà.

Ó wá ṣe, ọ̀dá dá. Òjò kọ̀, kò rọ̀. Odò gbẹ, kànga ìlú di ẹrẹ̀. Adágún Ìwòran ń fà sẹ́yìn, ó ń fà sẹ́yìn, títí tó fi kù bí àgbàlá ilé kan. Bí omi ṣe ń dín kù ni àwọn àwòrán inú rẹ̀ ń wọ́ sórí ara wọn. Erin Ọdẹ́níran ló tóbi jù nínú wọn, òun ló wá gba gbogbo ojú omi, tí àwọn yòókù ń hàn láti abẹ́ rẹ̀.

Ibẹ̀ nìkan ni omi kù sí nínú gbogbo igbó. Etu ń mu ún láìbẹ̀rù, nítorí kò sí ìyá etu kankan nínú omi náà. Ṣùgbọ́n bí ẹfọ̀n bá dé, á rí bàbá rẹ̀ tó nà gbalaja lábẹ́ ẹsẹ̀ ọdẹ, á ké, á sì sá padà. Ẹkùn á wò ó, á yíjú. Àwọn ẹran ńlá ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan, omi sì wà níwájú wọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Àwẹ̀ró dé ibẹ̀, ó bá ọmọ erin kan tó dúró ní òdìkejì. Gbogbo egungun ìhà rẹ̀ ló ti yọ síta. Etu ń bá a wí.

"Mu ún nígbà tó ṣì wà," etu ní. "Ṣáà di ojú rẹ, kí o mu ún."

"Mo ti dì í lánàá," ọmọ erin ní. "Bí imú mi ṣe kan omi ni mo lajú. Mo rí ojú ìyá mi tó ń mì tìtì. Àfi bí ẹni pé ó tún ń kú. Mi ò lè mu ún."

Etu mi orí, ó bá tirẹ̀ lọ.

Àwẹ̀ró wò ó títí, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ta lò ń wò nínú omi?"

"Ìyá mi ni. Ẹ̀yin ńkọ́, ìyá?"

"Ọkọ mi ni."

Àwọn méjèèjì tún wo omi. Àṣé àwòrán kan náà ni wọ́n ń wò.

Àwẹ̀ró fẹ́ dìde kó máa lọ. Ojú ń tì í, bẹ́ẹ̀ òun kọ́ ló ta ọfà. Ṣùgbọ́n ọmọdé ni ọmọdé ń jẹ́, ọmọ erin bi í pé, "Ṣé ó máa ń bá yín ṣeré?"

Ni Àwẹ̀ró bá padà jókòó. "Ó máa ń fi ẹran tó dára jù pamọ́ sábẹ́ iyán mi," ó ní, "kí àwọn ará ilé má baà rí i. Tó bá sùn, á máa hanrun títí àwọn adìyẹ á fi jí."

"Ìyá tèmi máa ń fọ́n omi sí mi lẹ́yìn bí oòrùn bá mú. Bí mo bá sá, á lé mi. Ó máa ń ṣe bíi pé òun ò lè bá mi."

Wọ́n sọ ọ́ títí oòrùn fi gòkè. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bi Àwẹ̀ró léèrè irú ẹni tí ọkọ rẹ̀ jẹ́. Ọ̀rọ̀ ọfà àti ẹran nìkan ni àwọn ọdẹ ń sọ nípa rẹ̀.

Àánú ọmọ náà ṣe é. Ó fi igbá bu omi, ó gbé e lọ bá a. Ṣùgbọ́n kò sí ibi tí èèyàn lè bù nínú omi yẹn tí kì í ṣe ara erin. Ẹyinjú ìyá rẹ̀ kan ló wà nínú igbá náà, tó ń wòkè. Ọmọ erin yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ìyá," ó ní, "ẹ bá mi bẹ omi kó jẹ́ kí ìyá mi máa lọ."

Omi dá wọn lóhùn. Ó ní, "Àwòrán méjì kọ́ nìyí, ẹyọ kan ni. Bí erin bá lọ, ọdẹ á bá a lọ. Ará ilé ọdẹ ni kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, màá sì jù ú sílẹ̀."

Àwẹ̀ró wo ọkọ rẹ̀. Bí èyí náà bá lọ, kí ló máa kù? Ó ní, "Ọmọ mi, jẹ́ kí n lọ rò ó. Tó bá di ọ̀la, màá sọ ọ́."

"Ó dáa, ìyá," ọmọ erin ní.

Ilẹ̀ mọ́. Àwẹ̀ró jókòó sórí òkúta rẹ̀, ó wo ọkọ rẹ̀, ó wo ọmọ erin tó ti dùbúlẹ̀. Ó ní, "Ọ̀la ni, ọmọ mi. Bó bá di ọ̀la."

"Ó dáa, ìyá."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń sún un síwájú. Ìgbà tó yá, ọmọ erin kò dáhùn mọ́, etí rẹ̀ nìkan ló ń jù.

Ọjọ́ ọdún ọdẹ pé. Àwẹ̀ró jí ní kùtùkùtù, ó ti pinnu. Ó ń sọ ọ́ fún ara rẹ̀ lójú ọ̀nà pé, "Màá sọ ọ́ lónìí. Bí mo bá ti ń débẹ̀ ni màá sọ ọ́, mi ò tiẹ̀ ní jókòó."

Ó dé ibẹ̀. Ọmọ erin ti na imú rẹ̀ sílẹ̀, ó kù díẹ̀ kí imú náà kan omi. Kò mí mọ́.

Àwẹ̀ró ju igbá nù, ó sáré yí adágún ká. Ó di etí ọmọ náà mú, ó fi ẹsẹ̀ ti ìhà rẹ̀, ó ń fà á sókè. "Dìde! Mo ti fẹ́ sọ ọ́ báyìí! Dìde, kí o mu omi!" Ọmọ náà kò mira. Àwẹ̀ró gbójú sókè, ó wo omi láti bẹ̀ ẹ́.

Omi rí i. Ẹran ńlá tó ti kú nìyí. Ẹni tó gbé ẹsẹ̀ lé e nìyí, ó sì ń wo òun lójú. Ohun tí wọ́n bá a ṣe àdéhùn lé lórí náà ló ṣe. Ó ya àwòrán Àwẹ̀ró.

Bó ṣe wo inú omi báyìí, ó rí ara rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọdẹ́níran. Ọkọ gbé ẹsẹ̀ lé ìyá, ìyàwó gbé ẹsẹ̀ lé ọmọ.

Ìgbà náà gan-an ni àwọn ọdẹ ń bọ̀ pẹ̀lú agbè ẹmu wọn.

"Ha! Ẹ wá wo nǹkan!" Ògúngbèmí pariwo. "Ìyàwó Ọdẹ́níran pa erin!"

"Àwẹ̀ró, o káre láé!" Olúọdẹ ní. "Ẹ wo bó ṣe gbé ẹsẹ̀ lé e, kò gbọ̀n rárá! Kí lo fi pa á?"

Àwẹ̀ró kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọ̀la ni mo fi pa á."

Wọn ò mọ ohun tó ń sọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́ fún un.

Ó kúnlẹ̀ létí omi, ó wo ọkọ rẹ̀ fún ìgbà ìkẹyìn. Ó ní, "Omi, èmi ará ilé ọdẹ ló ń sọ ọ́. Jù wọ́n sílẹ̀."

Omi ní, "Ẹni tó pa ẹran àti ẹni tó ń sunkún ẹran, bákan náà ni wọ́n ṣe dúró lójú mi. Mi ò mọ ìyàtọ̀ wọn. Kí ni mo wá ń tọ́jú láti ọjọ́ yìí wá? Gbogbo rẹ̀ ni màá jù sílẹ̀, n kò sì ní tọ́jú ti ẹnikẹ́ni mọ́ láé."

Ni omi bá mì. Erin ló kọ́kọ́ lọ, ọmọ rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ọdẹ́níran lọ láti ẹsẹ̀ sókè, ojú rẹ̀ ló gbẹ̀yìn. Olúọdẹ bẹ́ sínú omi, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mọ́ra, ó ń ké pé, "Ẹkùn mi! Ẹkùn mi dà?" Ẹrẹ̀ ló kún ọwọ́ rẹ̀.

Àwọn ọdẹ bínú sí Àwẹ̀ró, wọn ò kí i mọ́ títí tó fi darúgbó. Kò bá wọn jà. Ohun tó ń dùn ún ju ìyẹn lọ ni pé, bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, kò rántí mọ́ bí ojú Ọdẹ́níran ṣe rí.

Láti ọjọ́ náà ni omi kì í ti í tọ́jú àwòrán mọ́. Bí o bá bẹjú wò ó, á fi ojú rẹ hàn ọ́. Bí o bá ti kúrò, ó ti gbàgbé rẹ. Láti ọjọ́ náà ni ọdẹ kò ti ní ju ẹnu rẹ̀ lọ láti fi ròyìn ẹran tó pa, tí àwọn tó ń gbọ́ sì ń wo ara wọn lójú.

Láti ọjọ́ yẹn náà ni erin kì í ti í mu omi tó bá tòrò. Àwọn erin kò gbọ́ ìgbà tí omi búra, wọn kò sì tíì gbà á gbọ́ dòní. Bí erin bá dé etí omi, á kọ́kọ́ ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, á rú u pọ̀ mọ́ ẹrẹ̀ títí ohunkóhun kò fi ní hàn nínú rẹ̀, kó tó na imú sí i. Bí ẹ bá rí i, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má ṣe pè é ní ọ̀bùn ẹranko. Kò fẹ́ mọ ẹni tó wà níbẹ̀ ni.