Ehoro Tí Ọdẹ́jìmí Gbé Lọ Sílé Àna

"Ehoro tí kò sá, etí rẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ wò." Òwe yìí kò ṣàjèjì sí wa. Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ ẹ mọ ibi tó ti ṣẹ̀?

Ní abúlé Onídundun, láyé àwọn baba ńlá wa, ọmọ ọdẹ kì í fi ẹnu lásán tọrọ ìyàwó. Ẹran ìgbẹ́ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ni yóò gbé wá, tirun-tirun. Ẹran náà kò gbọdọ̀ rí iná títí bàbá ọmọ yóò fi rí i.

Ọdẹ́jìmí ń fẹ́ Àwẹ̀ró, ọmọ Ògúndìran. Ẹ̀ẹ̀rùn méjì ni bàbá náà ti fi dúró, kò rí irun ẹran kan. Ọdẹ́jìmí kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló wúwo nínú igbó, ẹran a ti gbọ́ ọ kó tó rí wọn. Ògúndìran wá sọ pé bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, òun yóò dá ẹlòmíràn lóhùn.

Ojú ọ̀run ti ń ṣú lọ́jọ́ tí Ọdẹ́jìmí bá ehoro kan pàdé. Ehoro náà jókòó sí ẹ̀bá ọ̀nà, ó ń wò ó. Ọdẹ́jìmí sún mọ́ ọn, kò mira. Ó fi kùmọ̀ lù ú lẹ́ẹ̀kan, ó gbé e kọ́ ọrùn, ó kọrí sílé àna. Bí ẹran náà ṣe ń tutù ni ohun kan ń rìn ní ọrùn rẹ̀. Ó ń fi ọwọ́ gbọ̀n ọ́n, kò dúró.

Ìyàwó kékeré Ògúndìran ló kọ́kọ́ rí i lẹ́nu ọ̀nà.

"Àna wa, wọ́n ní ìgbín pàápàá ń sá mọ́ yín lọ́wọ́. Ta ló bá yín pa eléyìí?"

"Èmi ni, ìyá. Òkè méjì ni mo lé e kọjá kí n tó bá a."

Ògúndìran jáde. Ó fi igi ṣí etí ehoro náà. Eégbọn kún inú rẹ̀ dí, wọ́n wú bí èso lárà.

"Òkè mélòó lo ní?"

"Méjì, bàbá."

"Ehoro tí eégbọn mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó báyìí kò lè sá kọjá ẹnu ọ̀nà mi." Ó fi igi náà gbé e, ó sọ ọ́ sínú iná. "Máa lọ sílé, ọmọ."

Ọdẹ́jìmí lọ. Lọ́jọ́ kẹrin, ibà dá a dùbúlẹ̀. Ojú ibi tí eégbọn ti jẹ ẹ́ lọ́rùn di egbò, kókó tó tó ẹyin ẹyẹlé so sí abíyá ọ̀tún rẹ̀. Orí ẹní ló wà tí òjò àkọ́rọ̀ fi rọ̀. Ó gbọ́ ọ lórí koríko òrùlé, ó sì yí ojú sí ògiri.

Ní ọjọ́ kejì, Ògúndìran wọlé, ó jókòó tì í.

"Ehoro yẹn, ṣé ó sá?"

Ọdẹ́jìmí yíjú sí i. "Kò sá, bàbá. Ó jókòó ni. Mo kàn gbé e ni."

"Mo sun ẹran yẹn kí ohun tó ń ṣe ọ́ yìí má bàa wọ ilé mi. Irọ́ rẹ ni mi ò rí iná tí mo lè fi sun. Ìwọ ni o fi ẹnu ara rẹ sun ún lónìí." Ó dìde. "Ẹnì kan ti ń dúró dè mí láti àná nítorí Àwẹ̀ró. N ó ní kó máa lọ."

Ọdẹ́jìmí gbádùn, ó sì fẹ́ Àwẹ̀ró. Ṣùgbọ́n apá ọ̀tún rẹ̀ kò gbé sókè tán mọ́ títí ó fi kú.

Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi ń pa òwe yìí fún ẹni tí oore bọ́ sí lọ́wọ́ láìlàágùn: ọjà tó pọ̀ jù lówó kékeré, ilẹ̀ tí ẹni tó ni ín kò bá a dúnàá dúrà. Wọn kò ní kó má gbà á. Etí rẹ̀ ni wọ́n ní kó kọ́kọ́ wò.