Agbọ̀n Ìdí Ìkòkò

Àlọ́ o!
— Àlọ̀!

Ẹ̀yin ọmọ, àlọ́ mi rìn títí, ó yà sílé Òkété, tí ó ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, ọtí àgbàdo, ní ìrántí ìyá rẹ̀ tó ti kú. Ó kó ògbólógbòó ẹrù ìyá náà dáná. Ó ní ìdọ̀tí ni. Ṣùgbọ́n nígbà tó da ọtí sínú ìkòkò onihò tí ìyá rẹ̀ fi ń sẹ́ ẹ, èèrí àgbàdo dí ihò ìdí ìkòkò náà. Ó gbẹ́ ihò náà fẹ̀. Èèrí bá ọtí jáde. Ó fi ewé dí i. Ọtí ò kán. Ó fi igi gún un. Pàbó ló já sí. Ó bá ń korin:

Ìyá, kí lẹ̀ ń tẹ́ sídìí ìkòkò?
— Kán, ọtí, kán!

Àkàn, ọ̀rẹ́ ìyá rẹ̀, gbọ́ orin náà, ó ní: “Ọmọ mi, agbọ̀n jákujàku kan ni ìyá rẹ máa ń dojú rẹ̀ dé ihò náà, kí èèrí lè dúró, kí ọtí lè kán.”

Òkété wo ìdí ààrò, ó bú sẹ́kún. Ibẹ̀ ni mo fi í sílẹ̀ sí. Eérú agbọ̀n ìyá rẹ̀ ṣì gbóná.