Ajílẹ́yẹ, Adènà Ìdígbò

Láyé ọjọ́un, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti wọlé dé, ìbẹ̀rù a mú gbogbo ará Ìdígbò. Kì í ṣe pé odò kò sí. Odò Àyílà wà níbẹ̀ gbangba, ó ń ṣàn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìdígbò àti Ẹ̀gùrè bó ṣe ń ṣàn lónìí yìí, ṣùgbọ́n ibi kan ṣoṣo ni etí rẹ̀ ti rọ̀ tó tí èèyàn lè sọ̀ kalẹ̀ pọnmi, àwọn ará Ẹ̀gùrè ló sì ni ibẹ̀. Àwọn ni yóò kọ́kọ́ pọn, àwọn ni yóò fọṣọ, àwọn ni yóò bomi rin ata àti ẹ̀fọ́ wọn, àgùntàn wọn yóò sì sọ̀ kalẹ̀ mu, yóò tẹ gbogbo rẹ̀ dàrú. Ìgbà tí oòrùn bá kan àtàrí ni wọ́n tó ń gba àwọn obìnrin Ìdígbò láyè láti ti kèrègbè bọ̀ ọ́, ohun tí wọ́n sì ń bá níbẹ̀ kì í ṣe omi mọ́, ẹrẹ̀ ni. Inú ń run àwọn ọmọdé. Àwọn arúgbó ń kú. Àwọn ọ̀dọ́ ń di ẹrù wọn lọ síbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ wọ́n. Ìlú náà ń tán lọ díẹ̀díẹ̀, kò sì sí ẹni tó yọ idà sí i.

Ẹni tí kò gbọ́ ìdí ọ̀rọ̀ lè béèrè pé kí ló dé tí odindi ìlú fi ń wo odò lójú tí òùngbẹ sì ń gbẹ ẹ́. Àdéhùn ni. Àwọn baba ńlá ìlú méjèèjì ti jagun lórí odò yìí títí tí kò fi sí agboolé tí kò sin òkú. Nígbà tí ogun sú wọn, wọ́n jókòó, wọ́n ní eré ni àwọn yóò máa fi pín in lọ́dọọdún, bí òjò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, ní Pápá Ìpàdé tó wà létí ibi ìpọnmi gan-an. Wọ́n rán awọ ewúrẹ́, wọ́n fi òwú kún inú rẹ̀ títí ó fi tóbi tó orí àgbàlagbà, wọ́n sì pè é ní ẹrù. Igi àràbà kan wà ní ìpẹ̀kun pápá lọ́wọ́ Ìdígbò, òmíràn wà lọ́wọ́ Ẹ̀gùrè. Ìlú tí ọmọ rẹ̀ bá kọ́kọ́ gbé ẹrù kan igi ìlú kejì ló ni odò fún ọdún náà, ó sì ti pẹ́ tí Ẹ̀gùrè ti ń borí. Ẹni tó ń gbé ẹrù sáré là ń pè ní asáré, ẹni tó ń dá a dúró là ń pè ní adènà, bí asáré bá sì ṣubú, ẹrù di ti ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé e.

Òfin kan wá wà tó ju gbogbo òfin yòókù lọ. Láyé àtijọ́, bí ará Ìdígbò bá na ọwọ́ sí ará Ẹ̀gùrè tó ṣubú, àwọn èèyàn rẹ̀ á ní oògùn ló fẹ́ fi kàn án, ìjà á sì bẹ́ sílẹ̀. Nítorí náà, àwọn àgbà fi lélẹ̀ pé ẹni tó bá ti balẹ̀, ọwọ́ ará ìlú rẹ̀ nìkan ló gbọ́dọ̀ gbé e. Ẹni tó bá fọwọ́ kan ọ̀tá rẹ̀ nílẹ̀ ti jọ̀wọ́ eré, ìlú rẹ̀ sì ti pàdánù. Àlàáfíà ni wọ́n ń wá tí wọ́n fi ṣe òfin yìí, kò sì sí ẹni tó rí àléébù kankan nínú rẹ̀.

Inú ìyà omi yìí ni Ajílẹ́yẹ dàgbà sí. Ilé ni bàbá rẹ̀ ń mọ, ilé ni òun náà ń mọ. Láti kékeré ló ti ń fẹsẹ̀ tẹ amọ̀ láti òwúrọ̀ títí di ọjọ́rọ̀, títí itan rẹ̀ fi kì bí odó. Kò ga. Àwọn tó ń sọ ìtàn rẹ̀ lóde òní a máa sọ pé orí rẹ̀ ń kan àjà, ṣùgbọ́n irọ́ funfun báláú ni, ilé tó fọwọ́ ara rẹ̀ mọ ṣì wà ní Ìdígbò, èèyàn tó bá ga kò lè gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wọlé láìfi iwájú orí gbá nǹkan. Ọ̀rọ̀ kò pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó fẹ́ Àwẹ̀ró, ọmọ amọ̀kòkò, wọ́n bí ọmọbìnrin kan, wọ́n sọ ọ́ ní Ìbídùn. Ìbídùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn tààtà nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn kan mú, tó mu omi ẹlẹ́rẹ̀ yẹn, tí inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún. Kò pẹ́ tó fi kú. Ajílẹ́yẹ sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Ẹ̀yìn èyí ni Àwẹ̀ró wá jókòó tì í.

“Bàbá Ìbídùn,” ó ní, “mi ò ní kí ẹ má sunkún. Èmi náà ń sunkún. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá sunkún tán, ẹ lọ sí pápá.”

Ó lọ sí pápá. Lọ́dún àkọ́kọ́, àwọn asáré Ẹ̀gùrè fi í rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí ló fẹ́ fi ẹsẹ̀ kúkurú yẹn lé. Kò lé ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń dúró síbi tí wọ́n ń bọ̀ ni. Ẹni tó gba ọ̀tún bá a lọ́tùn-ún, ẹni tó gba òsì bá a lósì, bí ó bá sì ti fi èjìká gba èèyàn, onítọ̀hún á sùn gbalaja, ẹrù á sì fò lọ. Wọ́n ní oògùn ni. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ Ìdígbò bi í léèrè ohun tó ń lò, ó rẹ́rìn-ín, ó ní: “Ojú asáré á tàn yín, orí rẹ̀ á tàn yín, ẹsẹ̀ rẹ̀ pàápàá á tàn yín. Ìbàdí rẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa wò. Ibi tí ìbàdí bá ń lọ, ibẹ̀ ni gbogbo ara ń lọ.” Ìdígbò gba odò lọ́dún náà, àwọn obìnrin pọn omi tó mọ́ gaara, wọ́n sì fi orin gbé orúkọ rẹ̀:

Ajílẹ́yẹ, àpáta dínà!
Ẹlẹ́rù ní òun ó gba ọ̀tún, ó bá a lọ́tùn-ún,
Ẹlẹ́rù ní òun ó gba òsì, ó bá a lósì,
Ẹlẹ́rù ní òun ó padà sílé,
Ó ní, “Fi ẹrù sílẹ̀ kó o tó máa lọ.”
Ọmọ atẹ-amọ̀-dilé,
Ó tẹ ọ̀tá, kò fi í di nǹkan kan.

Bẹ́ẹ̀ ló ń rí lọ́dọọdún. Àwọn asáré Ẹ̀gùrè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn bí ọjọ́ eré bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ọ̀kan wà tó rí i lọ́ọ̀ọ́kán, tó fi ẹrù sílẹ̀ jẹ́jẹ́, tó sì fúnra rẹ̀ jókòó sílẹ̀, kí wọ́n má baà gbé e jókòó. Ìdígbò rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù tó ń gbé èèyàn ga kì í bá a jẹun. Nílùú rẹ̀ pàápàá, wọn kò bá Ajílẹ́yẹ ṣàwàdà mọ́. Bó bá kọjá, àwọn ọmọdé á lẹ̀ mọ́ ògiri. Ó ń dùn ún, ó sì ń sọ ọ́ fún Àwẹ̀ró.

Nígbà tó yá, Baálẹ̀ Ẹ̀gùrè, Ọ̀ṣúntúyì, àgbà tí ọgbọ́n orí rẹ̀ kò kéré, wá bá Ajíbóyè tí í ṣe Baálẹ̀ Ìdígbò. Ó ní, “Ó ti sú wa láti máa ṣe é lọ́dọọdún. Ẹ jẹ́ ká ṣe é kanlẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ìlú tó bá jáwé olúborí, òun ló ni odò títí ayé.” Ọ̀ṣúntúyì mọ ohun tó ń ṣe. Asáré tuntun kan ti dìde ní Ẹ̀gùrè, Omítóògùn lorúkọ rẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo tí opó kan bí, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yá ju ti àwọn tó ṣáájú rẹ̀ lọ.

Ajílẹ́yẹ dọ̀bálẹ̀ níwájú Baálẹ̀ Ajíbóyè. “Baálẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà. Èèyàn ni mí. Ẹ má so odindi ìlú mọ́ mi lọ́rùn. Ẹsẹ̀ mi lè yọ̀.”

“Ẹsẹ̀ tìrẹ?” Baálẹ̀ rẹ́rìn-ín. “Ẹsẹ̀ àpáta kì í yọ̀. Dìde, má dójú tì wá.”

Àṣejù ni baba àṣetẹ́. Baálẹ̀ gbà, wọ́n sì búra lórí rẹ̀.

Òjò pẹ́ kó tó dá lọ́dún náà, etí pápá tó kangun sí odò di ẹrẹ̀ jìn-ìn. Ìlú méjèèjì tú jáde. Wọ́n ṣe eré náà títí oòrùn fi rẹ̀ dẹ̀dẹ̀, ẹrù ń lọ, ẹrù ń bọ̀, kò kan igi kankan. Ìgbà náà ni Omítóògùn gba ẹrù, ó sì bẹ́ gba etí odò, níbi tí ẹnikẹ́ni kò rò pé èèyàn lè sáré gbà. Ó kọjá adènà kan, ó kọjá èkejì. Ó yíjú sí òkè pápá, ó fi èjìká ṣe bí ẹni tó fẹ́ gba ibẹ̀. Ajílẹ́yẹ kò wo ojú, kò wo èjìká. Ó wo ìbàdí, ó sì pàdé rẹ̀ létí omi. Ìró rẹ̀ dún gbì. Ẹrù fò sókè, Omítóògùn náà fò, ó sì fi ojú balẹ̀ sínú ẹrẹ̀.

Bángbólà, asáré Ìdígbò, gbá ẹrù mú. Ọ̀nà ṣófo níwájú rẹ̀. Gbogbo ọmọ Ẹ̀gùrè yí padà, wọ́n gbá tẹ̀ lé e, ariwo Ìdígbò sì gba ojú ọ̀run. Ajílẹ́yẹ nìkan ló kù létí odò. Ó wo ẹni tó gbé ṣubú. Onítọ̀hún kò mira. Gbogbo ojú rẹ̀ ti wọ inú ẹrẹ̀, ó sì ń hó kùtùkùtù níbi tí imú rẹ̀ wà.

“Ẹ wá gbé èèyàn yín o!” ni Ajílẹ́yẹ ké. “Ẹ̀yin ará Ẹ̀gùrè, ẹ wá gbé e, ó ń kú lọ!”

Ta ni yóò gbọ́? Òun fúnra rẹ̀ kò gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Ó mọ ohun tí òfin wí. Ó wo Bángbólà tó ti fẹ́ dé ìdí àràbà, ó rò ó pé bí òun bá mú sùúrù díẹ̀ sí i, omi tó mọ́ di ti àwọn ọmọ Ìdígbò títí ayé. Lẹ́yìn náà ló tún wo ẹrẹ̀. Ẹrẹ̀ odò yìí kan náà ló pa Ìbídùn. Híhó yẹn dáwọ́ dúró. Ajílẹ́yẹ kúnlẹ̀, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ ọmọ ọlọ́mọ, ó yí i padà, ó sì ń fi ìka wa ẹrẹ̀ jáde ní ẹnu rẹ̀ títí ó fi húkọ́, tó sì mí.

Ìwo àwọn àgbà tó ń bójú tó eré dún kí ọwọ́ Bángbólà tó kan igi. Wọ́n ti rí i. Ìdígbò ti pàdánù odò.

N kò lè ṣàpèjúwe ẹkún ọjọ́ náà. Baálẹ̀ Ajíbóyè wá dúró lórí Ajílẹ́yẹ. “Ajílẹ́yẹ, o pa wá. O pa àwọn ọmọ tí a kò tíì bí.”

Ajílẹ́yẹ dìde dúró. “Baálẹ̀, mo mọ ohun tí mo ṣe. Odò tí a bá fi òkú ọmọ ẹlòmíràn gbà, kò ní dùn lọ́fun wa. Mo ti gbé ọmọ tèmi sin. Mo mọ bó ṣe wúwo tó. N kò lè gbé irú ẹ̀ lé ìyá mìíràn lọ́wọ́. Bẹ́ ẹ bá ní kí n kúrò nílùú, mo ti ṣe tán.”

Àwọn kan ṣépè fún un. Àwọn kan bu ẹrẹ̀, wọ́n sọ ọ́ lù ú. Àwẹ̀ró ló la àárín èrò wá, ó fi etí ìró rẹ̀ nu ojú ọkọ rẹ̀, ó dì í lọ́wọ́ mú, wọ́n sì jọ lọ sílé.

Lọ́jọ́ kejì, Ẹ̀gùrè wá pààlà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nígbà náà ni pé asáré tó gbé ẹrù kẹ́yìn fún ìlú tó borí ni yóò gbin pèrègún, ibi tó bá sì gbìn ín sí ni ààlà. Ẹ̀yìn Omítóògùn ti ṣèṣe níbi tó ti ṣubú, kò lè dá dúró, ìyá rẹ̀ ló fi èjìká gbé e ró. Kí ó tó gba pèrègún lọ́wọ́ Ọ̀ṣúntúyì, ó béèrè ọ̀rọ̀ kan.

“Ẹ̀yin bàbá mi, ta ló yí mi padà lánàá?”

Ìyá rẹ̀ ló dáhùn: “Àpáta ni.”

“Ó dáa. Èmi ṣubú, n kò kan igi kankan. Kí ni mo wá borí?”

“Òfin ni òfin, ọmọ mi,” ni Ọ̀ṣúntúyì wí. “Gba pèrègún, kó o gbìn ín.”

Ó gbà á. Wọ́n rò pé ìdí àràbà Ìdígbò ni yóò lọ, ṣùgbọ́n ó ń wọ́ ẹsẹ̀ lọ sí àárín ibi ìpọnmi, síbi tó ti ṣubú gan-an. Ẹ̀yìn rẹ̀ kò jẹ́ kó lè bẹ̀rẹ̀. Ó gbójú sókè, ó wo Ajílẹ́yẹ tó dá dúró lẹ́yìn àwọn èèyàn rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n,” ó ní, “ẹ wá bá mi gbìn ín. Mi ò lè dé ilẹ̀.”

Ajílẹ́yẹ wá, ó wa ihò, àwọn méjèèjì sì jọ di pèrègún mú títí ó fi dúró. Ìdajì odò bọ́ sọ́wọ́ Ẹ̀gùrè, ìdajì bọ́ sọ́wọ́ Ìdígbò. Inú bí Ọ̀ṣúntúyì, ó ní kí wọ́n fà á tu. Opó náà bọ́ síwájú, ó fi ọwọ́ lé ìbàdí.

“Ẹni tí ọmọ tirẹ̀ kú lánàá, kó wá fà á tu,” ó ní. “Tèmi wà láàyè.”

Kò sẹ́ni tó fà á tu. Pèrègún náà ti di igbó lónìí, ọ̀tún rẹ̀ ni àwọn ará Ẹ̀gùrè ti ń pọnmi, òsì rẹ̀ sì ni tàwa. Wọn kò pa eré náà tì, ṣùgbọ́n wọ́n yí òfin rẹ̀ padà. Ẹni tó bá gbé èèyàn ṣubú, òun fúnra rẹ̀ ni yóò gbé e dìde, yóò sì nu ojú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ẹrù títí yóò fi ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ọmọkùnrin kan bá gbàgbé, ìyá tó bí i ni yóò kọ́kọ́ pariwo lé e lórí.

Ẹ̀yìn Omítóògùn kò tọ́ mọ́ títí ó fi dàgbà. Ajílẹ́yẹ ló mọ ilé fún un, òun ló sì ń lọ tún ògiri rẹ̀ rẹ́ lẹ́yìn òjò gbogbo, títí ọjọ́ ogbó tí òun náà fi ń ti ọ̀pá. Bí àwọn èèyàn bá ń kì í lójú ọ̀nà pé òun ló gba ọmọ Ẹ̀gùrè lọ́wọ́ ikú, á dúró, á sì dá wọn lóhùn pé, “Ẹ sọ ọ́ tán. Èmi náà ni mo gbé e ṣubú.”