Pupa Ata, Pupa Ẹyin

Ní ìlú Ìwó, obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Mopélọ́lá, tó ń fi abẹ́rẹ́ ṣe ọnà sí ọrùn agbádá. Nígbà tí wọ́n gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jà, àwọn èèyàn ní kó lọ máa ta omi inú ọ̀rá, pé ẹ̀rọ ti gba iṣẹ́ náà. Mopélọ́lá ní irọ́ ni. Ó palẹ̀ yàrá kékeré tó wà lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ mọ́, ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ wọ ibẹ̀, ó ní ibẹ̀ ni òun yóò ti máa ṣiṣẹ́ jẹun.

Àjà yàrá náà kò jìnnà sí ilẹ̀. Gílóòbù tó kọ́kọ́ gbé kọ́ síbẹ̀, gèlè rẹ̀ ló gbá a fọ́ lọ́jọ́ tó dìde lójijì. Ó wá gbọ́ pé iná kan wà tó rí pẹlẹbẹ bí ìgbànú, tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ àjà. Ó gba ọ̀dọ̀ Múfútáù, tó ń ta ohun èlò iná, lọ.

"Funfun máa ń ta mí lójú," ó wí. "Pupa ni kí o fún mi."

Èyí tó rí bí iná gílóòbù àtijọ́ ló ní lọ́kàn. Iná ọba ti lọ láti àárọ̀, wọn kò lè tàn án wò, bẹ́ẹ̀ ojú kan náà ni gbogbo wọn ní tí wọn ò bá tíì tàn.

"Pupa gidi nìyí, ẹ̀gbọ́n," Múfútáù dáhùn, ó sì gé e fún un.

Iṣẹ́ ńlá wà nílẹ̀ nígbà náà. Bàbá Sàláwù fẹ́ fi ọmọ fọ́kọ, ó sì ti gbé agbádá funfun wá. "Òwú pupa ni kí o fi ṣe ọrùn rẹ̀," ó wí. "Tó bá dára, gbogbo ìdílé mi yóò máa gbé aṣọ wá. Bí kò bá dára, ọ̀dọ̀ ẹlẹ́rọ la ó máa lọ."

Nígbà tí iná dé, yàrá pọ́n bí inú ìkòkò ọbẹ̀. Mopélọ́lá pòṣé. "Iná ni iná," ó wí, "mo ti lẹ̀ ẹ́ ná." Ó ki òwú pupa bọ abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n bí òwú náà ṣe ń kan aṣọ funfun ló ń pòórá mọ́ ọn lójú. Olóríkunkun ni obìnrin yìí. Àtàǹpàkò ló fi ń wá ojú ọnà kiri títí ó fi ránṣọ dé èjìká. Nígbà tó gbé e bọ́ sí ìta, ọnà náà ti wọ́ bí ipa ẹsẹ̀ ewúrẹ́. Ó jókòó, ó tú gbogbo rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ó mú ata kan àti ẹyin bíbọ̀, ó di ọ̀dọ̀ Múfútáù.

"Kí ni àwọ̀ èyí?"

"Pupa ni, ẹ̀gbọ́n."

Ó la ẹyin sí méjì. "Èyí ńkọ́?"

"Pupa ẹyin ni." Múfútáù họ orí. "Àbọ̀ ọ̀rọ̀ lẹ sọ fún mi o, ẹ̀gbọ́n."

"Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí; òwe ní tó bá dé inú rẹ̀, á di odidi. Kò ní á di ata!"

Múfútáù bú sẹ́rìn-ín. Ó fi bátìrì tan òmíràn fún un kí ó fojú rí i, ó sì gba ti àkọ́kọ́ padà.

Mopélọ́lá kò tíì dé ilé tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi dúró. Òun tó ń bá ọlọ́jà jà nítorí pupa, ṣé òun béèrè lọ́wọ́ Bàbá Sàláwù? Ó yà síbẹ̀.

"Bàbá, ẹ má bínú. Òwú pupa tí ẹ wí, ti ata ni àbí ti ẹyin?"

"Ata kẹ̀!" Bàbá di ọrùn ara rẹ̀ mú. "Ṣé kí n dà bí ẹni tí wọ́n fi ọ̀bẹ dú lọ́rùn níbi ìgbéyàwó ọmọ mi ni? Pupa ẹyin ni, èyí tó ń dán."

Mopélọ́lá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ká ní iná burúkú yẹn kò ba iṣẹ́ náà jẹ́, ìbá rán an dáadáa, ìbá sì gbé ọrùn pupa ata fún Bàbá Sàláwù. Ó ra òwú tuntun, ó jókòó sábẹ́ iná tuntun, ó sì rí ojú gbogbo ọnà tó ń ṣe. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, àwọn àgbà ń na ọwọ́ kan ọrùn agbádá Bàbá Sàláwù, wọ́n ń béèrè ẹni tó ṣe é. Ọ̀sẹ̀ náà kò parí tí aṣọ ìdílé Sàláwù fi kún yàrá abẹ́ àtẹ̀gùn.

Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ tí kò yé ni rán ni níṣẹ́ ládùúgbò yẹn, òwe tí àwọn àgbà ń pa fún un ni pé: bí o bá dárúkọ pupa, sọ bóyá ti ata ni tàbí ti ẹyin.