Ajá Tó Fà Títí Tó Rẹ̀

"Ajá tó fà títí tó rẹ̀, ọkọ̀ ní í gùn délé." Kò sí ẹni tó gbé Òkè-Ìrókò rí tí kò tíì gbọ́ òwe yìí. À ń pa á nílé, à ń pa á lóko, àlùfáà wa tilẹ̀ ti fi parí ìwàásù rí. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ mọ orísun rẹ̀? Níbo ni ajá ti fa ọkọ̀ nílẹ̀ Yorùbá? Ajá ọdẹ la mọ̀, ajá tó ń ṣọ́lé la mọ̀. Ọkùnrin kan ṣàlàyé fún mi nígbà kan pé ọkọ̀ akẹ́rù ni òwe náà ń bá wí, pé dẹ́rẹ́bà kan ló ṣàánú ajá lójú títì. Mo jẹ́ kó sọ tirẹ̀ tán, nítorí bí irọ́ bá dùn, kò yẹ kí a já lu ẹni tó ń pa á. Ọkọ̀ inú òwe yìí kò ní táyà, kò ní ẹ́ńjìnnì. Imọ̀ ọ̀pẹ ni, irú èyí tí ìdí rẹ̀ fẹ̀, tí àwọn ọmọdé máa ń jókòó lé kí àwọn ẹgbẹ́ wọn máa wọ́ wọn kiri àgbàlá.

Olùkọ́ kan wà nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa nígbà náà, Àǹtí Ìbídùnní là ń pè é. Obìnrin náà fẹ́ràn láti máa kọ́ ọmọ ní ohun tí kò sí nítòsí. Ó ní ẹni tó bá mọ ìlú tirẹ̀ nìkan kò tíì mọ ìlú tirẹ̀ pàápàá. Ní ọjọ́ kan ó gbé àwòrán kan kọ́ sí ara ògiri kíláàsì kẹrin: ọ̀wọ́ ajá tí wọ́n so mọ́ okùn ní méjì-méjì, wọ́n ń fa ọkọ̀ pẹlẹbẹ kan, ọkùnrin kan tí aṣọ rẹ̀ nípọn bíi tìmùtìmù sì dúró sẹ́yìn ọkọ̀ náà. Ilẹ̀ funfun, igi funfun, irùngbọ̀n ọkùnrin náà pàápàá funfun. Àǹtí ní lókè téńté ilẹ̀ ayé, níbi tí òtútù ti ń mú odò dì títí ènìyàn fi lè rìn lórí rẹ̀, wọn a máa fi ajá díje lọ́nà jíjìn. Kì í ṣe eré ìṣẹ́jú díẹ̀ o. Ìrìn ọjọ́ púpọ̀ ni, la inú igbó já, gun orí òkè, kọjá lórí odò tó ti dì, lórí yìnyín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ọ̀rọ̀ yìnyín yìí ló kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀. Yìnyín tí àwọn ọmọ wa mọ̀ ni èyí tó máa ń bá òjò àkọ́rọ̀ wá, tó máa ń dún gbàgbà lórí páànù, tí wọ́n máa ń sáré ṣà jẹ. Ọmọ kan béèrè bóyá kì í fọ́ àwọn ajá náà lórí. Àǹtí bọ́ síta, ó ṣa òwú àràbà tí afẹ́fẹ́ ti gbá jọ sẹ́bàá ọgbà, ó fẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó ní báyìí ni tọ̀hún ṣe ń rọra bọ́, tí yóò sì bo gbogbo ilẹ̀. Ìyẹn yé wọn. Nígbà tó wá sọ pé wọ́n máa ń wọ ìbọ̀sẹ̀ fún àwọn ajá náà kí yìnyín má baà ya wọ́n lẹ́sẹ̀, kíláàsì dàrú. Ajá wọ ìbọ̀sẹ̀, àwọn tó ń kàwé nípa rẹ̀ sì wà níbẹ̀ láìwọ bàtà. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí Àǹtí náà fi bá wọn rín in.

Ohun tó sọ kẹ́yìn ni wọn kò rẹ́rìn-ín sí. Ó ní bí àárẹ̀ bá mú ajá kan lọ́nà, ẹni tó ni ọkọ̀ yóò tú u kúrò lókùn, yóò tẹ́ ẹ sínú ọkọ̀, àwọn yòókù yóò sì máa fà á lọ. Kò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀. Iye ajá tó bá mú kúrò ní ibùdó kan gbọ́dọ̀ dé ibùdó kejì, ìbáà ṣe pẹ̀lú ẹsẹ̀, ìbáà ṣe nínú ọkọ̀. Ẹni tó bá pa ajá rẹ̀ tì sọ́nà, bó ṣáájú gbogbo ayé dé, òfo ló mú bọ̀.

Àwọn ọmọ ní àwọn náà fẹ́ díje. Àǹtí gbà, ó ní kí wọ́n tọrọ ajá nílé. Ẹ sì mọ̀ pé àwa kì í sọ ajá lórúkọ lásán. Ẹni tí aládùúgbò bá ṣẹ̀, tí kò sì fẹ́ ìjà, á wá ajá, á fi ohun tó ń dùn ún sọ ajá náà lórúkọ, á wá máa pè é kíkankíkan nígbà tí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn bá ń kọjá. Òkò ọ̀rọ̀ ni, ajá kàn ń bá a gbé e ni. Kòkànmí wà nínú àwọn ajá tí wọ́n mú wá. Ẹnulẹbọ wà níbẹ̀. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn ń jẹ́ Ẹ̀yìnlàárò.

Ọdẹ́jídé ọdẹ ló ni Ẹ̀yìnlàárò. Nígbà tí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń jà sí oko kòkó bàbá wọn ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹ̀gbọ́n náà lè mọ̀ pé ohun tó ń ṣe lónìí ní ẹ̀yìn. Ìjà ti parí tipẹ́, orúkọ kò parí. Ajá náà ṣiṣẹ́ fún Ọdẹ́jídé gan-an. Ọ̀yà tó lé ló di páànù orí ilé wọn, òun náà ló di aṣọ ilé ẹ̀kọ́ tí Ọdẹ́bùnmi, ọmọbìnrin Ọdẹ́jídé, ń wọ̀ lọ sí kíláàsì kẹrin. Ṣùgbọ́n ojú ajá náà ti ń ṣú, eegun ìbàdí rẹ̀ ti yọ síta, kò sì lè wọ igbó mọ́. Ọdẹ́jídé wá ṣèlérí fún àwọn alágbẹ̀dẹ pé òun yóò mú un wá fún ọdún Ògún. Ìyá Ọdẹ́bùnmi ló rọra sọ fún ọmọ rẹ̀, kó má baà bá okùn nílẹ̀ kó má bá ajá.

Ọmọ náà sunkún tán, ó nu ojú nù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ronú. Ó dá a lójú pé bí bàbá òun bá fi ojú ara rẹ̀ rí i pé Ẹ̀yìnlàárò ṣì lè fa nǹkan, yóò yí ọkàn padà. Lójoojúmọ́ ló ń so ajá náà mọ́ imọ̀ lẹ́yìnkùlé, tí wọ́n jọ ń lọ tí wọ́n jọ ń bọ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn bẹ bàbá rẹ̀ pé kó wá wòran. Ọdẹ́jídé ní òun yóò wá, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé láti ibẹ̀ gan-an lòun yóò ti fa ajá náà lọ sí ilé arọ àwọn alágbẹ̀dẹ, nítorí ọdún Ògún ku ọ̀la.

Ẹgbẹ́ mẹ́ta ló díje, láti ẹnu géètì dé etí odò, kí wọ́n sì padà. Ajá méjì-méjì ló ń fa imọ̀ kọ̀ọ̀kan, àpò yanrìn kékeré wà lórí rẹ̀, àwọn ọmọ sì ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn ajá wa kò mọ ohun tí à ń pè ní ìdíje. Ti ẹgbẹ́ kan rí ewúrẹ́, wọ́n já okùn, wọ́n bá tiwọn lọ, àwọn ọmọ náà sì fi ọwọ́ ara wọn fa imọ̀ lọ. Ti ẹgbẹ́ kejì jókòó sílẹ̀, wọ́n ń wo àwọn ènìyàn. Ṣùgbọ́n Ẹ̀yìnlàárò fà. Ó tẹ orí ba, òun àti Kòkànmí tó jẹ́ ọ̀dọ́, wọ́n sì kọ́kọ́ dé etí odò. Inú Ọdẹ́bùnmi dùn débi pé ó ń sọ̀rọ̀ fún ajá náà bí ẹni ń sọ fún ènìyàn.

Nígbà tí wọ́n ń gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bọ̀ ni ẹsẹ̀ Ẹ̀yìnlàárò bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó dúró, ó tún gbìyànjú, ó sì dùbúlẹ̀ sínú eruku, ahọ́n rẹ̀ síta. Àwọn ẹlẹgbẹ́ Ọdẹ́bùnmi ní kí àwọn tẹ́ ẹ sábẹ́ igi, kí àwọn padà wá mú un tó bá yá. Ohun tí Ọdẹ́bùnmi fi ọjọ́ púpọ̀ wá láti fi han bàbá rẹ̀ ti yí padà, ó ti di ẹ̀rí tí yóò pa ajá náà. Ó dùn ún dé eegun. Ìgbà tó yá ló kúnlẹ̀, ó tú okùn lọ́rùn ajá, ó ti àpò yanrìn dànù, ó sì ní kí wọ́n bá òun gbé e sórí imọ̀. Wọ́n gbé e. Gbogbo wọn pẹ̀lú Kòkànmí di okùn mú, wọ́n ń fà, Ọdẹ́bùnmi sì ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ imọ̀, ó ń pe orúkọ ajá náà kó má baà sùn lọ.

Àwọn ni wọ́n dé kẹ́yìn. Àwọn tó wà lẹ́nu géètì kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, nítorí ta ló rí irú rẹ̀ rí, ajá jókòó, ọmọ ènìyàn ń fà á. Ọdẹ́jídé wà láàárín wọn, okùn tó fẹ́ fi mú ajá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó sì ń gbọ́ bọ̀ látòkèèrè lẹ́nu ọmọ rẹ̀ ni, Ẹ̀yìnlàárò, Ẹ̀yìnlàárò. Òkò tó sọ lu ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nígbà kan ló wá ba òun náà yìí, ọmọ tó sì sọ ọ́ kò mọ̀ pé òkò lòun ń sọ. Nígbà tí imọ̀ dé iwájú rẹ̀, ẹ̀rín ti tán lẹ́nu àwọn ènìyàn.

Ọdẹ́jídé wo ajá, ó wo ọmọ. Ó ní, "Ìwọ náà ti rí i báyìí, Ọdẹ́bùnmi. Kò lè fà mọ́."

Ọmọ náà kúnlẹ̀. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá mi. Ṣùgbọ́n ó ti fà kó tó rẹ̀."

Ọdẹ́jídé gba okùn imọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ, ó sì fúnra rẹ̀ ń fà á lọ sí ilé arọ. Ọdẹ́bùnmi tẹ̀ lé e, kò sì mọ̀ bóyá ilé ikú ni wọ́n ń gbé ajá náà lọ.

Bàbá Ògúnṣakin, olórí àwọn alágbẹ̀dẹ, wà níbẹ̀ lórí àpótí rẹ̀. Ọdẹ́jídé dọ̀bálẹ̀, ó ní òun wá bẹ̀bẹ̀ lórí ìlérí òun, kí wọ́n jẹ́ kí òun fi nǹkan mìíràn dípò. Àwọn ọ̀dọ́ alágbẹ̀dẹ fajú ro, wọ́n ní ohun tí a bá ti fi ẹnu fún Ògún, a kì í gbà á padà. Bàbá kò dá sí wọn. Ajá tó wà lórí imọ̀ ló ń wò. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti dáyé, ajá lòun mọ̀ pé wọ́n fi ń bọ ọkọ̀, pé ọkọ̀ wo ló wá ń gbé ajá yìí? Ọdẹ́bùnmi sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un: òtútù, odò tó dì, òfin àwọn tó ń díje. Nígbà tó sọ ọ́ tán, Bàbá kọjú sí àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀.

Ó ní, "Ta ló gbé mi wá síbí láàárọ̀ yìí?"

Gbogbo wọn mọ̀ pé itan Bàbá ti kọṣẹ́ tipẹ́, pé lórí kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń gbé e wá láràárọ̀, tí wọ́n sì ń gbé e padà ní ìrọ̀lẹ́, kò sì gbé òòlù mọ́.

Ó ní, "Ajá tó fà títí tó rẹ̀, ọkọ̀ ní í gùn délé. Ọdẹ́jídé, lọ mú àkùkọ wá. Kí ẹ sì gbé èyí lọ sílé."

Báyìí ni òwe náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà wa máa ń pa á nígbà tí ẹni tó ti ṣiṣẹ́ sin ilé tàbí ìlú kò bá lágbára mọ́, tí àwọn kan sì fẹ́ pa á tì. Wọn kì í pa á fún ọ̀lẹ. Géndé kan fi tọrọ oúnjẹ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ rí, ìyá náà sì bi í pé níbo ló ti fa tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìyá arúgbó kan bá ń wí ní abúlé pé òun ti di ẹrù, pé kí àwọn ọmọ fi òun sílẹ̀ níbi tí òun wà, wọn kì í bá a jiyàn ní Òkè-Ìrókò. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà á sọ ìdajì òwe náà, á ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀, á sì dúró dè é.