Ìdí Tí Ọkọ̀ Ojú Irin Oníná Kì Í Fi Í Dọ̀bálẹ̀

Láyé ijọ́un, nígbà tí irin ṣì ń fọhùn, èéfín ni gbogbo ọkọ̀ ojú irin fi ń gun òkè. Baba Eléèéfín ni àgbà wọn. Èédú ló ń jẹ, omi ló ń mu, ikọ́ kì í sì í dá lọ́fun rẹ̀.

Nígbà tó yá, wọ́n ṣe Àlàmú, ọkọ̀ oníná àkọ́kọ́. Òun kì í jẹ èédú rárá. Ọwọ́ irin gígùn kan wà lórí rẹ̀ tó fi ń di Wáyà mú lókè, ibẹ̀ sì ni agbára rẹ̀ ti ń wá.

Wáyà kìlọ̀ fún un pé, "Àlàmú, bí o bá ń gòkè, má fi mí sílẹ̀ o."

"Mo ti gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi."

Ṣùgbọ́n ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ni Àlàmú. Bí kò bá kí àgbà dáadáa, oúnjẹ kì í lọ lọ́fun rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iná lásán ni oúnjẹ ọ̀hún.

Lọ́jọ́ kan, ó ń kó èrò gòkè. Ṣẹ̀gílọlá wà nínú wọn, ó pọn ọmọ rẹ̀ tí ara rẹ̀ gbóná janjan, ó ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn orí òkè. Ní agbedeméjì, níbi tí ojú irin ti pín sí méjì, Baba Eléèéfín ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀.

"Àgbà rèé!" Àlàmú ká ọwọ́ kúrò lára Wáyà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Inú Baba dùn, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. "Àlàmú, ọmọ a-gòkè-má-mí-hẹlẹ! Àlàmú, ọmọ irin tí kì í dípẹtà…"

Àlàmú mọ̀ pé òun ti ń yọ̀ padà sẹ́yìn. Ẹ̀rù bà á gidigidi. Ṣùgbọ́n ta ni í dìde nígbà tí àgbà kò tíì ní kó dìde?

Èrò figbe ta. Ṣẹ̀gílọlá yọrí lójú fèrèsé. "Baba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kó dìde! Ọmọ mi ń kú lọ!"

Oríkì há Baba lẹ́nu. "Dìde, Àlàmú! Gbọ́wọ́ sókè!"

Àlàmú nawọ́, ó gbá Wáyà mú. Agbára padà, ó dúró gírí. Ojú tì í.

"Ẹ má bínú, Baba. Ẹ̀kọ́ ilé ni."

"Ẹ̀kọ́ náà dára, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ẹni tó rẹrù kì í dọ̀bálẹ̀. Ẹnu ni kí o máa fi kí mi."

Àlàmú gbéra. Wọ́n dé orí òkè, wọ́n tọ́jú ọmọ náà, ó sì yè.

Àtọjọ́ náà ni ọkọ̀ oníná kò ti jẹ́ sọ ọwọ́ kalẹ̀ mọ́ bó bá ń gòkè. Bó bá pàdé àgbà, fèrè ló fi ń kí i: "Fíííìn!" Ẹ má pè é ní aláìlẹ́kọ̀ọ́. Ọmọ ọlọ́mọ ló gbé dání.