Ogún Ọ̀pá Ta Ni?

“Kí o tó gé e ní ogún, béèrè pé ogún ọ̀pá ta ni.” A máa ń pa òwe yìí lábúlé wa létí ààlà, ṣùgbọ́n ṣé ẹ mọ̀ pé ìdí bẹ́ẹ̀dì ló ti ṣẹ̀?

Gbẹ́nàgbẹ́nà ni Láṣebíkan. Ínṣì ni ọ̀gá rẹ̀ fi kọ́ ọ níṣẹ́. Àbúrò rẹ̀, Adékànḿbí, kọ́ṣẹ́ kan náà ní Kétu lódìkejì ààlà, níbi tó jẹ́ pé sẹ̀ǹtímítà ni wọ́n fi ń wọn nǹkan. Nígbà tó padà wálé, àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í kan bẹ́ẹ̀dì fún ìyá wọn, Ṣàngótóyìn, tí orúnkún kò jẹ́ kó lè dìde lórí ẹní mọ́. Pákó ìrókò tí bàbá wọn fi sílẹ̀ kó tó kú ni wọ́n lò. Kò sì sí ìrókò mìíràn nílẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, báwo ni kí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì náà ṣe gùn tó?”

“Gé e ní ogún.”

Nígbà tí Láṣebíkan fi máa ti oko dé, bẹ́ẹ̀dì ti dúró, àmọ́ díẹ̀ ló kù kó fàyà falẹ̀.

“Kànḿbí! Ṣé kí Ìyá máa rákò ni? O ti fi pákó Bàbá ṣòfò!”

“Ogún lẹ ní, ogún ni mo gé!”

Omi lé ròrò sójú Adékànḿbí. Ó ń kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó ní Kétu lòun ń padà sí. Ìyá wọn jáde, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì náà, kò sì lè dìde.

“Ẹ kọ́kọ́ gbé mi ná,” ó ń rẹ́rìn-ín, “kí ẹ tó máa jà lọ.”

Bí wọ́n ti ń gbé e, ọ̀pá ìwọ̀n Adékànḿbí bọ́ sílẹ̀. Láṣebíkan mú un, ó gbé e ti tirẹ̀. Ogún tirẹ̀ ju ìlọ́po méjì ogún àbúrò rẹ̀ lọ.

“Àbúrò mi, má bínú. Èmi ni mi ò sọ ọ́ yé ọ.”

“Èmi náà ò béèrè, Ẹ̀gbọ́n.”

Wọ́n fi igi ayín ṣe àsomọ́ ẹsẹ̀ náà. Àwọ̀ méjì ló ní, Ìyá kò sì jẹ́ kí wọ́n kùn ún láéláé.

Nítorí náà, bí tọkọtaya tàbí ọ̀rẹ́ méjì bá ń jà lórí ohun tí wọ́n rò pé àwọn ti jọ fẹnu kò sí, àgbà á pe ẹni tó ń kánjú bínú, á ní: “Kí o tó gé e ní ogún, béèrè pé ogún ọ̀pá ta ni.”